Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Disney World ní Orlando Kù

Ìsinmi ilé-ìwé kì í tíì wọlé tán tí àwọn òbí á ti máa bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, eélòó gan-an ni wọ́n ń gbà ní Disney, ṣé kò sọ́gbọ́n tí a lè dá sí i ni?" Àwọn kan ń gbé Houston, àwọn kan ń gbé London, àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn wá kí ẹbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ. Nígbà àkọ́kọ́, a sanwó fún ohun tí a kò lò rárá, ó sì dùn mí gan-an nítorí iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi kó owó yẹn jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ di èyí mú kí ẹ tó ka ìyókù: inú kàlẹ́ńdà ni ẹ̀dínwó tó tóbi jùlọ wà. Ẹni tó bá mú ọjọ́ tó dáa ti jèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú.

## Ohun tí ẹ ń sanwó fún

Ọgbà ìgbafẹ́ 4 ló wà nínú Walt Disney World: Magic Kingdom, EPCOT, Hollywood Studios àti Animal Kingdom. Tíkẹ́ẹ̀tì lásán á mú yín wọ ọgbà kan lóòjọ́. Ọgbà olómi méjì tó wà níbẹ̀, Typhoon Lagoon àti Blizzard Beach, ní owó tiwọn lọ́tọ̀.

Láti 2018 ni iye owó ti ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ní 2025, 119 dọ́là ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan tó kéré jùlọ, Animal Kingdom ló sì ní in, ní ọjọ́ tí èrò ò pọ̀. Magic Kingdom ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ti kọjá 200 dọ́là fún ẹnì kan. Owó orí 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún ń bọ̀ lórí rẹ̀, kò sì sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi hàn yín. Lórí 500 dọ́là, 32 dọ́là àti 50 sẹ́ńtì nìyẹn.

Ní ti ọjọ́ orí:

- Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3: ọ̀fẹ́.
- Ọdún 3 sí 9: owó ọmọdé. Ẹ má retí ìlàjì o, dọ́là díẹ̀ péré ló fi dín sí ti àgbà.
- Ọdún 10 sókè: owó àgbà.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Tí àbíkẹ́yìn yín bá máa pé ọdún 3 ní oṣù kẹwàá, oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ọjọ́ kí ẹ tó mú òtẹ́ẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, wọ́n á gba òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó wá wo iye tí Disney ń gbà. Ẹ yí i padà. Ẹ lọ sórí ìkànnì Disney, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà iye owó, kí ẹ fi oṣù méjì tàbí mẹ́ta wéra. Ká ní 40 dọ́là lóòjọ́ fún ẹnì kan ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ̀yin mẹ́rin sì fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta: 480 dọ́là nìyẹn, láìtíì bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Àwọn àkókò tí owó ń wálẹ̀:

- Ìparí oṣù kẹjọ títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án
- Ìparí oṣù kìn-ín-ní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì
- Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, kí ariwo Kérésìmesì tó bẹ̀rẹ̀

Àwọn àkókò tó yẹ kí ẹ sá fún: ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì sí ọdún tuntun, oṣù kẹta sí ìgbà Àjíǹde, ọ̀sẹ̀ Thanksgiving, àti òpin ọ̀sẹ̀ Labor Day (ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà) ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí oṣù kẹjọ, nítorí ibẹ̀ ni àǹfààní wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ láti London àti Nàìjíríà. Ní nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ ni ilé-ìwé ń wọlé ní Florida, àti ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó wà ní England ṣì wà nílé títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ti Nàìjíríà sì sábà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí ọmọ Amẹ́ríkà ti padà sí kíláàsì tí ọmọ tiyín ṣì wà nísinmi, ni mo máa ń tọ́ka sí fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni ooru tó ń mú gidigidi àti òjò ọ̀sán. Ìgbà ìjì líle náà ni, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà títí di ìparí oṣù kọkànlá. Ẹ ra ìbánigbófò ìrìn àjò.

Ẹ̀yin òbí England, ẹ má tìtorí tíkẹ́ẹ̀tì mú ọmọ kúrò nílé-ìwé láàárín táàmù láìṣírò rẹ̀ dáadáa. Láti oṣù kẹjọ 2024, 80 pọ́ùn ni owó ìtanràn fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá pa ilé-ìwé jẹ fún ọjọ́ 5 láìgbàṣẹ, ó sì ń di 160 tí ẹ kò bá tètè san án. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì: 320 pọ́ùn. Ibi tí ẹ̀dínwó náà ń lọ nìyẹn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka iye ọjọ́ tí ẹ nílò

Bí iye ọjọ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Láti ọjọ́ karùn-ún lọ, ohun tí ọjọ́ kan ń fi kún àpapọ̀ kì í pọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ọjọ́ kẹfà "kò tó nǹkan", ẹ̀ẹ́ fi kún un, ẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ọjọ́ náà ní owó ìgbọ́kọ̀sí, owó oúnjẹ, àti òtẹ́ẹ̀lì tirẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹbí tó ní ọmọ kékeré: ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ni agbára yín gbé, ẹ mú Magic Kingdom fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8. Àwọn àgbà ọmọ á gbádùn Hollywood Studios jù.

Kò pọn dandan kí ẹ lò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 2 ní ọjọ́ 4 tí ẹ lè lò ó láàárín wọn, ti ọjọ́ 3 ní ọjọ́ 5, ti ọjọ́ 4 sì ní ọjọ́ 7. Ẹ fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Ọmọ tí kò sùn kò ní gbádùn ohunkóhun, ẹ̀yin náà ò sì ní í gbádùn.

Ẹ tún máa ṣọ́ ẹ̀dínwó ìgbà ooru. Ní 2024 àti 2025, Disney ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 4 kan tó bẹ̀rẹ̀ láti 99 dọ́là lóòjọ́, láìka owó orí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa wọ ọgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè padà sí èyí tí ẹ ti lọ. Ẹbí tó fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yọ ohun tí ẹ kò nílò kúrò

Bí ẹ bá ti yan ọjọ́ tán, ìkànnì á bẹ̀rẹ̀ sí bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi nǹkan kún un. Níbí ni èmi ti ṣìnà.

Park Hopper. Èyí ń jẹ́ kí ẹ wọ ju ọgbà kan lọ lọ́jọ́ kan. Mo rà á fún gbogbo wa. Nígbà tó fi máa di ago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, àbíkẹ́yìn wa ti sùn sí mi léjìká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sunkún ẹsẹ̀. A kò lò ó lọ́jọ́ kankan. Tí ọmọ yín kò bá tíì tó ọdún 10, ẹ fi í sílẹ̀.

Lightning Lane. Òun ni ẹ̀ ń san kí ẹ má bàa pẹ́ lórí ìlà. Ẹ má rà á ṣáájú fún gbogbo ọjọ́. Ẹ dé ẹnu géètì kí wọ́n tó ṣí i, ẹ lọ sí eré (ẹ̀rọ ìṣeré tí wọ́n ń gùn) tí èrò ń rọ́ sí jùlọ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀ẹ́ rí i pé wákàtí méjì àárọ̀ yẹn á ṣe iṣẹ́ tí owó ń ṣe.

Rider Switch. Ọ̀fẹ́ ni èyí o! Bí ọmọ kan bá kéré jù fún eré kan, òbí kan á dúró tì í, ìkejì á gun eré náà, lẹ́yìn náà wọ́n á pààrọ̀ láìtún to ìlà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà eré náà. Mo ti rí àwọn òbí tó to ìlà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọn kò mọ̀ pé ó wà.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ rà á níbi tó bá ibùgbé yín mu

Tí ẹ bá ń gbé Amẹ́ríkà

1. Ẹ kọ iye tí ìkànnì Disney fúnra rẹ̀ pè é sílẹ̀, pẹ̀lú owó orí. Òun ni ẹ ó fi máa díwọ̀n gbogbo ìyókù.
2. Ẹ wo alátùntà tí Disney fọwọ́ sí, irú bíi Undercover Tourist. Ẹ̀dínwó wọn kì í tóbi, ṣùgbọ́n ẹ fi iye ẹ̀yin tó ń lọ sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó fojú kéré rẹ̀.
3. Ẹ bi iléeṣẹ́ yín, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín, tàbí AAA (ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà) tí ẹ bá wà nínú rẹ̀.
4. Ọmọ ogun àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ogun: ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì inú bárékè. Ó ṣòro kí ẹ rí iye tó kéré ju tiwọn lọ níbòmíràn.
5. Ará Florida ní ẹ̀dínwó tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n á béèrè ẹ̀rí ibùgbé lọ́wọ́ àgbà kọ̀ọ̀kan. Àbúrò yín tó ń gbé Kissimmee kò lè rà á fún yín. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀.

Ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: ẹni tó bá ní káàdì Target Circle, ìyẹn káàdì ìsanwó ti ilé ìtajà ńlá Target, ń rí ẹ̀dínwó 5 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tó bá fi ra káàdì ẹ̀bùn Disney ní Target. Káàdì ẹ̀bùn yẹn lẹ ó wá fi sanwó tíkẹ́ẹ̀tì lórí ìkànnì Disney. Lórí 1,600 dọ́là, 80 dọ́là ti padà sápò yín. Ẹ tọ́jú àwọn káàdì náà títí ẹ ó fi padà délé, torí orí wọn ni owó á padà sí tó bá ṣẹlẹ̀ pé Disney dá owó kankan padà.

Tí ẹ bá ń gbé Britain

Disney ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ gígùn, irú bíi ti ọjọ́ 14, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé UK àti Ireland nìkan. Park Hopper, ọgbà olómi àti àwọn fọ́tò wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá máa lò ju ọjọ́ 6 lọ ní Orlando, ẹ wò ó kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yà síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó lọ sí ìgbéyàwó ní Atlanta, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 3 ti Amẹ́ríkà lè dín owó kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò méjèèjì, kí ẹ yí dọ́là sí pọ́ùn pẹ̀lú iye tí báńkì yín máa gbà lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà

Fìsà ni kó ṣáájú. Disney kì í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà, kò sì kàn wọ́n tí ẹ̀ńbásì bá ní rárá. Lẹ́yìn fìsà, ẹ fi káàdì dọ́là sanwó fúnra yín. Bí ẹbí yín tó wà ní Amẹ́ríkà bá lè rà á, kí ẹ san án padà fún un, ìyẹn náà dáa. Ẹni tó bá ní òun máa gba náírà lọ́wọ́ yín, kí òun fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá dé Orlando, ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì fi sínú áàpù Disney kí ẹ tó gbéra. Tí áàpù kò bá gbà á, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀ àti "ọ̀fẹ́"

Lójú pópó 192 ní Kissimmee, ẹ̀ẹ́ rí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n kọ TICKETS gàdàgbà sí lára. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lu jìbìtì, àmọ́ ewu méjì wà níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì àjẹkù. Ẹnì kan á ra ti ọjọ́ 5, á lo 3, á ta ọjọ́ 2 tó kù. Òfin Florida kò gba kí èèyàn ta tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí wọ́n ti lò lára rẹ̀. Ìka ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ni ẹ̀rọ ẹnu géètì mọ̀. Ẹ̀ẹ́ tẹ̀ka, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, àwọn ọmọ á máa wo ojú yín. Owó ti lọ.

Èkejì ni tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tàbí ti 20 dọ́là. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹ wá jókòó gbọ́rọ̀ nípa ilé ìsinmi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò, èyí tí wọ́n ń pè ní timeshare. Wọ́n á ní wákàtí méjì, ó lè di ìlàjì ọjọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, ojú á sì máa ti ẹlòmíràn láti sọ pé rárá. Tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé tí ẹ wá kábàámọ̀, ọjọ́ 10 ni òfin Florida fún yín láti fagi lé e; ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ kíákíá, ẹ má fi fóònù nìkan sọ ọ́. Èrò tèmi ni pé ìlàjì ọjọ́ ìsinmi ẹbí ju owó tíkẹ́ẹ̀tì kan lọ.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ owó tí ẹ ti pamọ́

- Ọkọ̀: 30 dọ́là ni owó ìgbọ́kọ̀sí lóòjọ́ ní 2025. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney kì í san án. Ẹ béèrè bóyá òtẹ́ẹ̀lì yín ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́.
- Oúnjẹ: wọ́n gbà yín láyè láti gbé oúnjẹ wọlé. Ìgò gíláàsì àti ọtí ni wọn kò gbà. Búrẹ́dì, èso, bisikíìtì, ẹran gbígbẹ, gbogbo rẹ̀ á wọlé. Jọ̀lọ́ọ̀fù tútù nínú ike ti bá wa wọ EPCOT, ó sì kúnni dáadáa.
- Omi: ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ kíákíá, kí ẹ béèrè ife omi yìnyín. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.
- Kẹ̀kẹ́ ọmọ: ẹ gbé tiyín lọ. Yíyá tiwọn lọ́jọ́ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ ra kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù.
- Aṣọ òjò: ẹ rà á nílé.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jùlọ

Ríra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọdún 2. Títọ́jú ọjọ́ ìbí ọmọ pamọ́ kó lè gba owó ọmọdé. Ẹ má kọ́ ọmọ ní irọ́ pípa nítorí dọ́là mélòó kan.

Kí wọ́n má wo ago tí ọgbà ń ti. Ní àwọn ọjọ́ kan láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, àti ní oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, Magic Kingdom máa ń ṣe àríyá alẹ́ tó ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ago 6 ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì lásán máa jáde, ẹ kò sì ní rí iná aláràbarà alẹ́. Síbẹ̀, èrò máa ń dín kù lọ́sàn-án ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń rọjú. Tí àwọn ọmọ yín bá máa ń tètè sùn, ọjọ́ yín nìyẹn.

## Tí owó kò bá tó rárá

Ẹ lè lọ sí Orlando láìwọ Disney. Fun Spot America ní Orlando àti Kissimmee kò gba owó ìwọlé tàbí owó ìgbọ́kọ̀sí; eré tí ẹ bá gùn nìkan lẹ ó sanwó rẹ̀. Gatorland, tó ti wà láti 1949, kò gbówó lórí bíi Disney rárá, àwọn ọmọ á sì rí ọ̀nì tí ẹnu wọn á fi là sílẹ̀. Disney Springs pàápàá, ọ̀fẹ́ ni láti wọ̀ àti láti gbọ́kọ̀ sí. Ìrọ̀lẹ́ kan níbẹ̀ tó fún ọmọ kékeré tí kò mọ ìyàtọ̀.

## Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó

- [ ] Orúkọ kọ̀ọ̀kan bá ìwé ìrìnnà mu
- [ ] Ọjọ́ tí a mú ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti oṣù mìíràn
- [ ] Ọjọ́ orí àwọn ọmọ jẹ́ ti ọjọ́ tí a máa wọlé
- [ ] Kò sí Park Hopper tí a kò béèrè
- [ ] A ti rí àpapọ̀ pẹ̀lú owó orí
- [ ] Fìsà ti wà lọ́wọ́

## Tí ọjọ́ bá yẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó

Ẹ má jókòó sunkún. Tí tíkẹ́ẹ̀tì náà kò bá tíì kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ ṣí áàpù, ẹ yí ọjọ́ padà, kí ẹ san ìyàtọ̀ tí ọjọ́ tuntun bá wọ́n jù. Tí ọjọ́ ti kọjá tí ẹ kò sì lò ó rárá, iye tí ẹ san kò sọnù: wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Àmọ́ bí ẹ bá ti lo ọjọ́ kan péré lára rẹ̀, ìyókù ti bá ọjọ́ lọ. Nítorí náà, tí ara ọmọ kò bá yá ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ yí ọjọ́ padà láti inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka kan ẹ̀rọ ẹnu géètì.